Idà Ilé Wa Tí Mo Ní Wọ́n Pààrọ̀

Ẹ kọ́kọ́ pa fóònù yẹn ná. Mo rí i, Délé, má fi sábẹ́ tìmùtìmù. Ẹ wá kí mi lọ́jọ́ Sátidé, ẹ ò mú búrẹ́dì lọ́wọ́, ẹ jókòó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sílẹ̀, ẹ wá ń bi mí ní ìtàn idà tó wà lára ògiri. Ta ló rán yín? Ṣé bàbá yín ló ní kí ẹ wá wádìí iye tí wọ́n lè tà á ni? Tí kì í bá ṣe òun, á jẹ́ pé olùkọ́ yín ni, ó fún yín ní iṣẹ́ tó yẹ kí òun fúnra ẹ̀ ṣe.

“Bàbá àgbà, a kàn fẹ́ mọ̀ ni.” Ẹ kàn fẹ́ mọ̀, ẹ wá ya fọ́tò ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. Mo kà á. Ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹ gbé ìka méjì sókè, ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ó dáa. Màá sọ ọ́ fún yín, ṣùgbọ́n bó ṣe bá wá sí mi lẹ́nu ni màá ṣe sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má já lu ọ̀rọ̀ mi.

Ilé àrọ ni wọ́n bí mi sí, níbi tí àwọn alágbẹ̀dẹ ti ń ṣiṣẹ́. Nílùú wa, lápá Ọ̀yọ́, agbo ilé wa ló ń rọ ọkọ́ àti àdá fún gbogbo ìlú, bàbá mi sì ni olórí agbo ilé náà. Ohun tó kọ́kọ́ máa ń ta sí mi létí láàárọ̀ ni ẹwìrì tó ń fẹ́ná, fù, fù, fù, lẹ́yìn náà ọmọ owú á bẹ̀rẹ̀ sí í lu irin, ìyá mi á sì máa pariwo láti ẹ̀yìnkùlé pé kí wọ́n má jẹ́ kí èérú bọ́ sínú ògì òun. Kí n tó mọ ìwé kà rárá ni mo ti mọ irin tó pọ́n débi tí wọ́n lè lù ú, mo sì mọ èyí tó ti tutù jù. Lọ́jọ́ kan, mo na ẹmú tí a fi ń mú irin nínú iná sí bàbá mi, ibi tó gbóná ni mo kọ sí i, ó fi ọwọ́ lásán gbá a mú. Kò nà mí. Ó kàn bi mí pé ta ló ní kí n pa òun lára, ó sì dúró gba èsì.

Irú èèyàn tó jẹ́ nìyẹn. Tó bá ń rọ idà, kò ní jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ kan rí gbogbo ẹ̀ tán. Ẹni tó bá na irin kò ní mọ bí wọ́n ṣe ń dì í léèkù, ẹni tó bá ń di eèkù kò ní sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń na irin, tó bá sì kan kí wọ́n ri irin gbígbóná bọ omi, bàbá mi á fa ẹní bo ẹnu ọ̀nà, òun nìkan á ṣe é. Ó ní ọmọ iṣẹ́ tó bá mọ gbogbo ẹ̀ lónìí, á ṣí ilé àrọ tiẹ̀ sí òdìkejì títì lọ́la. Ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni mo ti jogún ojú tí mo fi ń wo èèyàn.

Ṣùgbọ́n idà lẹ bi mí. Ẹ̀yin rí nǹkan gígùn tó mú, ẹ pe gbogbo ẹ̀ ní ọ̀kan náà. Èyí tí a ń pè ní agẹdẹngbẹ, ojú kan ló ní, ẹ̀yìn ẹ̀ nípọn, ó gùn, ó sì tẹ̀ díẹ̀ sẹ́yìn. Ńṣe ni wọ́n máa ń jù ú láti èjìká, torí títẹ̀ tó tẹ̀ yẹn ló jẹ́ kó máa fà gé bó ṣe ń kọjá. Idà olójú méjì yàtọ̀. Ó tín-ín-rín nítòsí ọwọ́, á wá máa fẹ̀ bó ṣe ń lọ sókè bí ewé, kó tó wá dín kù sí ṣónṣó. Ẹni tí kò mọṣẹ́ á ní ẹwà ni wọ́n ṣe é fún. Irọ́ ni. Ìwúwo ẹ̀ ni wọ́n gbé lọ sápá òkè, kí ọwọ́ tó jù ú má baà ṣe gbogbo iṣẹ́ náà.

Àwọn ẹlẹ́ṣin Òkè Ọya ní tiwọn, tó gùn gbọnrangandan, tí irin kan dábùú láàárín ojú idà àti ọwọ́, tí wọ́n sì fa kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ sí àárín ẹ̀ látòkè délẹ̀. Ẹ máa gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn pé ẹ̀jẹ̀ ló ń gba ibẹ̀ ṣàn. Ẹ má gbà wọ́n gbọ́. Kí ó lè fúyẹ́ láì rọ̀ ni wọ́n ṣe gbẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀gá sójà orí omi tí ilé wọn ò jìnnà síbí náà ní tiwọn, èyí tí wọ́n ń gbé sọ́wọ́ tí wọ́n bá ń yan níwájú àlejò. Ó ń dán, wọ́n fi wúrà sí i léèkù, mo sún mọ́ ọ̀kan lọ́jọ́ kan dáadáa: kò lè gé ẹ̀fọ́.

Bàbá mi kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń dán idà wò. Gbé e lé ìka kan, níbi tí kò jìnnà sí eèkù. Tó bá dúró láì ṣubú síwájú tàbí sẹ́yìn, ẹni tó rọ ọ́ mọṣẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, fi èékánná ta á, kí o gbé etí sún mọ́ ọn. Irin àtijọ́, èyí tí àwọn baba ńlá wa fi iná yọ lára òkúta, kì í pariwo. Á dún gbọ̀, á dákẹ́. Irin mọ́tò, tí a ń tú lára sípíríìnì lọ́rì, á dún gíín-ín-ín, kò ní tètè dákẹ́. Mi ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá tí mo ti lè dijú kí n sì sọ èwo ni èwo.

Idà olójú méjì kan wà nílé wa tó ti wà kí wọ́n tó bí bàbá bàbá mi. Irin àtijọ́ ni. Àkọ̀ ẹ̀ jẹ́ awọ pupa tí ọjọ́ ti sọ di dúdú. Ìrù irin ẹ̀, apá tó wọ inú eèkù lọ, ní àmì mẹ́ta tí wọ́n fi irin gún sí i, tí ẹnikẹ́ni ò lè rí àfi tó bá tú eèkù. Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ fi olórí agbo ilé tuntun jẹ, wọ́n á tú u lójú gbogbo àgbà, olórí tuntun á fi àtàǹpàkò kan àmì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, á sì búra pé òun ò ní rọ ohun ìjà fún olè. Láìsí idà yẹn, kò sí olórí. Kìrìsìtẹ́nì ni wá o, bàbá mi máa ń gbé igbá ọrẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n pásítọ̀ wa náà mọ̀ pé a kì í fi ọ̀rọ̀ idà yẹn ṣeré. Ìyá mi ló máa ń fi òrí pa á lọ́dọọdún kí ó má dípẹtà.

Nígbà tí ìjọba ń múra ayẹyẹ ńlá tí wọ́n tìtorí ẹ̀ kọ́ Festac yìí, àwọn òṣìṣẹ́ kan ń lọ láti ìlú dé ìlú, wọ́n ń yá nǹkan àtijọ́ tí wọ́n máa fi han àwọn àlejò. Wọ́n dé ilé wa. Mo ti wà l'Ékòó nígbà yẹn, mò ń ṣe akọ̀wé níṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, lẹ́tà ni mo fi gbọ́ pé bàbá mi ti yọ̀ǹda idà. Ara fu mí. Bàbá mi, tí kì í yá èèyàn ní ẹmú, ló gbé idà ilé wa fún ẹni tí kò mọ̀ rí. Wọ́n fún un ní rìsíìtì, ó fi í ránṣẹ́ sí mi pé kí n bá òun tọ́jú ẹ̀. Mi ò kà á. Mo ká a ní mẹ́rin, mo jù ú sí ìsàlẹ̀ àpótí. Ìwé ìjọba ni mò ń kọ lójoojúmọ́, mo mọ bó ṣe ń parọ́.

Lọ́dún yẹn náà, mo lọ sílé fún Àjíǹde. Ilé àrọ kún, ọmọ iṣẹ́ lọ́tùn-ún, ọmọ iṣẹ́ lósì, àwọn tó ń ra nǹkan àtijọ́ tà fún òyìnbó sì ń yọ́ kẹ́lẹ́ kiri ìlú. Bàbá mi na idà kan sí mi nínú àkọ̀ tuntun, awọ ewúrẹ́ lásán. Gbogbo ara irin náà dúdú fún èédú àti òrí, bí àwa alágbẹ̀dẹ ṣe ń fi irin tuntun sílẹ̀ kí a tó pọ́n ọn.

“Mú eléyìí dání lọ sí Èkó,” ó ní. “Fi í sílé ẹ. Má fi fún ẹnikẹ́ni títí màá fi ránṣẹ́ sí ẹ.”

Ó tẹjú mọ́ mi. Mo ní mo ti gbọ́, Bàbá. Mo rò pé ó rọ ọ́ fún mi kí n má baà gbàgbé ilé ni. Mi ò gbé e lé ìka, mi ò ta á ní èékánná. Bàbá mi ló fún mi, kí ni mo fẹ́ dán wò níbẹ̀? Kí ọdún náà tó parí, bàbá mi kú, kò sì ránṣẹ́ sí mi.

Lẹ́yìn ayẹyẹ, wọ́n dìbò ilé fún àwa òṣìṣẹ́ ìjọba, orúkọ mi jáde, wọ́n fún wa ní fúláàtì ìsàlẹ̀ nínú ilé yìí gan-an. Ẹ ò lè mọ bí Festac ṣe rí nígbà yẹn. Títì mọ́, iná ojú títì ń tàn, omi ń yọ nínú ẹ̀rọ nígbàkígbà tí o bá yí i. Ẹ tún ń rẹ́rìn-ín. Kò sí géètì tí wọ́n ń tì lójú títì, kò sí irin lójú fèrèsé, kò sí ẹni tó ń ta káàdì fóònù tàbí ẹ̀pà lẹ́nu ọ̀nà ẹnikẹ́ni. Tí ìyá yín àgbà bá fẹ́ ra ata, ó di Mazamaza. Gbogbo èèyàn ń dúpẹ́, wọ́n ní ìjọba ṣeun. Èmi ò dúpẹ́. Ibi tó bá dákẹ́ tó báyẹn, mo máa ń bi ara mi pé kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo tó ń pariwo ni ọ̀pọ̀lọ́. Irà ni ẹ̀yìn ilé wa títí lọ dé etí omi, koríko ga ju èèyàn lọ, ejò sì ń gba ibẹ̀ wọlé. Ọjọ́ tí ìyá yín àgbà bá ọ̀kan lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, ó ní tí mi ò bá ṣán koríko yẹn, òun á kó àwọn ọmọ òun padà sí Mushin. Mo rántí idà tí bàbá mi fún mi. Ó gùn jù, ṣónṣó ẹ̀ ń wọ inú ẹrẹ̀. Mo wá gbé e lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà kan ní Mazamaza pé kó bá mi gé ìdá kan nínú mẹ́ta ẹ̀ dànù, kó sì lọ ojú kan kúrò kí ó lè di àdá.

Gíríńdà ń han, jẹnẹrétọ̀ ń bú mọ́ wa lẹ́yìn. Wẹ́dà dá iṣẹ́ dúró, ó ní, “Ọ̀gá, irin yìí yàtọ̀ o. Ẹ wo iná tó ń ta, kò jọ ti irin mọ́tò.” Mi ò wo iná náà. Ojú ẹ̀ ni mò ń wò. Mo mọ ibi tó ń lọ, ó fẹ́ kí n fi owó kún owó ni. Mo ní kó gé e bí mo ṣe wí. Ó gé e, mo sì fi ṣán koríko ẹ̀yìn ilé títí ejò fi wá ọ̀nà míràn gbà. Lẹ́yìn ìyẹn ó di ohun tí ìyá yín àgbà fi ń fọ́ àgbọn.

Òkè wa gan-an ni Bọ̀dá Láyí ń gbé. Ó jù mí lọ ní bí ọdún mẹ́wàá, ará Ìjẹ̀bú ni, ọmọ ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, tó máa ń kọrin ìyìn láàárọ̀ débi pé gbogbo ilé ń gbọ́ ọ. Ó ń ṣiṣẹ́ ní sítóò tí wọ́n kó àwọn nǹkan tí wọ́n yá fún ayẹyẹ sí. Nígbà tó gbọ́ pé idà ilé wa wà níbẹ̀, pé rìsíìtì ẹ̀ sì wà lọ́wọ́ mi, ó ní, “Àbúrò, fọkàn balẹ̀. Èmi fúnra mi ni màá gbé e wá fún ẹ.” Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni ò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Kí ló dé tó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ òun fúnra ẹ̀?

Àkókò yẹn ni lẹ́tà Bàbá Kékeré dé. Àbúrò bàbá mi ni, òun ni wọ́n mú pé kó jẹ olórí agbo ilé. Ó ní oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n máa fi òun jẹ, kí n tètè gba idà náà wá. Ó ní àwọn ìdílé kejì nínú agbo ilé wa ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé tí kò bá sí idà títí ọjọ́ yẹn, kí oyè kúrò nílé bàbá mi pátápátá. Mo ka lẹ́tà yẹn lẹ́ẹ̀mẹta, oúnjẹ ò sì lọ lẹ́nu mi lọ́jọ́ náà.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan lẹ́yìn ìsìn, Bọ̀dá Láyí kan ilẹ̀kùn. Ó fi aṣọ kákí wé idà náà, ó gbé e bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Mo mọ àkọ̀ yẹn lójú ẹsẹ̀, àkọ̀ pupa wa àtijọ́ ni. Inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi. Mo fọwọ́ sí ìwé pé mo ti gbà á. Bó ṣe lọ tán ni mo ti ilẹ̀kùn, mo fa idà yọ, mo ta á ní èékánná.

Gíín-ín-ín.

Mo tún ta á. Ó ń dún, kò dákẹ́. Mo gbé e lé ìka, ó dúró dáadáa, ẹni tó rọ ọ́ mọṣẹ́. Mo tú eèkù. Ìrù irin náà mọ́ tónítóní, kò sí àmì kankan lára ẹ̀. Ìyá yín àgbà wọlé bá mi nílẹ̀ẹ́lẹ̀, awọ eèkù wà lọ́wọ́ mi.

“Wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀,” mo ní. “Wọ́n ti ta idà ilé wa.”

“Ta ni wọ́n?”

“Ta ló gbé e wá?”

Ó wo òkè àjà, ó wò mí. “Bàbá Kúnlé, ẹ rọra o. Ọkùnrin yẹn kì í ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀.” Mo bi í pé báwo ló ṣe mọ irú ẹni tó jẹ́. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fura sí òun náà.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ṣọ́ Bọ̀dá Láyí. Tí wọ́n bá fa àga lókè, màá ní àpótí idà ni wọ́n ń fà. Wọ́n gbé fíríìjì tuntun wọlé fún wọn, mo dúró lẹ́yìn kọ́tìnnì, mo ń bi ara mi pé owó wo. Mo gòkè lọ yá áyọ́ọ̀nù tí mi ò nílò, mo rí nǹkan gígùn kan tí wọ́n fi bébà wé lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Ìyá Fẹ́mi, ìyàwó ẹ̀, yíjú sẹ́yìn, mo tètè fọwọ́ kàn án. Ọ̀pá kọ́tìnnì ni. Mo sọ̀kalẹ̀ wálé, mo sọ fún ìyá yín àgbà pé wọ́n ti gbé e kúrò níbẹ̀ kí n tó dé.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n fi Bàbá Kékeré jẹ, mi ò lè mú un mọ́ra mọ́. Mo dúró de Bọ̀dá Láyí lórí àtẹ̀gùn.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wá idà wa.”

“Ṣebí mo ti gbé e fún ẹ.”

“Èyí tí ẹ gbé wá kì í ṣe tiwa. Irin mọ́tò ni. Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni mí, ẹ ò lè fi ìyẹn tàn mí.”

Ó gbé báàgì ẹ̀ sílẹ̀. “Àbúrò, ohun tó wọ sítóò ni mo gbé fún ẹ. Rìsíìtì bàbá ẹ wà lọ́wọ́ ẹ. Ṣé o ti kà á?”

“Ìwé tí ẹ̀yin fúnra yín kọ, kí ni màá kà níbẹ̀?”

“Lọ kà á ná. Má tíì sọ ohun tí o ò ní lè kó padà.”

Mo ní kò sí ohun tí mo fẹ́ kà. Mo ní olè ni. Mo pariwo ẹ̀ lórí àtẹ̀gùn yẹn, ilẹ̀kùn mẹ́ta ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Lálẹ́ ọjọ́ náà ni mo kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì ẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì tó dùn, mo kà á sókè fún ara mi, inú mi sì dùn sí i.

Wọ́n fún un ní kúẹ́rì, wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ sítóò lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n ní kó jókòó sílé. Àwọn ará ilé wa bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ wọn lórí okùn tó bá ti ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ wọn má bá Fẹ́mi ṣeré mọ́. Orin tó máa ń kọ láàárọ̀ dáwọ́ dúró. Mo sọ fún ìyá yín àgbà pé ẹ̀rí ọkàn ló pa á lẹ́nu mọ́. Kí ọ̀sẹ̀ méjì yẹn tó pé, a gbọ́ pé wọ́n ti fún un ní tránsífà sí ìlú kan tó jìnnà, pé wọ́n máa kó kúrò nínú fúláàtì náà.

Bàbá Kékeré rán ìyá mi wá bá mi, kí àwa méjèèjì jọ gbé idà náà lọ sílé. Mi ò tíì sọ fún wọn. Ó dé láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ́ọ̀, ó bọ́ sẹ́yìnkùlé kí ó fọ ẹsẹ̀. Ìyá yín àgbà wà níbẹ̀, ó ń fọ́ àgbọn. Mo gbọ́ tí ariwo àgbọn dá. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, ìyá mi ti gba àdá náà lọ́wọ́ ẹ̀, ó fi àtàǹpàkò ń tọ ara irin náà lọ sókè nítòsí eèkù, ó ń ṣe é díẹ̀díẹ̀, ojú ẹ̀ ò sí lára wa.

“Ta ló gé e?”

“Màámi, àdá ni. Bàbá ló fún mi.”

“Mo mọ̀ pé bàbá ẹ ló fún ẹ. Mo ní ta ló gé e.”

Ó jókòó sórí simẹ́ǹtì tó tutù, ó gbé e lé ẹsẹ̀. “Láti ọdún tí mo ti wọlé bàbá ẹ ni mo ti ń fi òrí pa nǹkan yìí. Ibì kan wọnú díẹ̀ níbí. Ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n.”

Mo gbà á. Mo ta á ní èékánná. Gbọ̀, ó dákẹ́. Mo tú eèkù. Àmì mẹ́ta.

“Bàbá ẹ ò yá wọn ní idà,” ìyá mi ní. “Ó rọ òmíràn fún wọn, ó sì sọ fún wọn pé tuntun ni. Àkọ̀ àtijọ́ ló fi bò ó, kí àwọn ọmọ iṣẹ́ lè rò pé idà ti lọ, kí àwọn tó ń ra nǹkan àtijọ́ má baà fọ́lé wa. Kí ó tó kú, ó sọ fún èmi nìkan pé idà tòótọ́ wà lọ́dọ̀ ẹ. Ó ní òun ti sọ fún ẹ.”

“Ó kàn ní kí n má fi fún ẹnikẹ́ni ni.”

“Kí lo tún fẹ́ kó sọ, níwájú gbogbo àwọn yẹn?”

Mo lọ ṣí àpótí. Mo tú rìsíìtì tí mo ká ní mẹ́rin. Ó wà níbẹ̀ gbangba: idà kan, tuntun, tí alágbẹ̀dẹ rọ lọ́dún yẹn kó lè jọ èyí tó wà nílé ẹ̀. Ìtẹ̀ka bàbá mi wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Àwọn tí mo ní wọ́n ń parọ́ ti kọ òótọ́ ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ó sì ti wà nínú àpótí mi láti ọjọ́ yìí wá.

Ti idà, ẹ má dààmú, ó yanjú. Bàbá Kékeré fi àtàǹpàkò kan àmì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó búra, ó sì jẹ olórí. Àwọn ìdílé kejì fẹ́ rẹ́rìn-ín pé idà ti di àdá, ìyá mi wò wọ́n, wọ́n dákẹ́. Kúkúrú náà ló ṣì wà ní agbo ilé wa títí dòní. Èyí tó wà lára ògiri yẹn, tó gùn, tó ń dán, tí ẹ ń bá ya fọ́tò, òun ni ayédèrú. Mo gbé e kọ́ síbẹ̀ kí n lè máa rí i. Ti ọ́fíìsì Bọ̀dá Láyí náà, mo kọ lẹ́tà kejì, mo ní irọ́ ni mo pa mọ́ ọn. Lẹ́tà àkọ́kọ́ gba mí ní wákàtí kan. Èkejì gba mí ní ọjọ́ mẹ́ta, mi ò sì mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni kà á.

Bọ̀dá Láyí fúnra ẹ̀ ni kò yanjú. Ọjọ́ Jímọ́ọ̀ yẹn náà ni wọ́n ń kó. Lọ́rì ti wà níwájú ilé, wọ́n ti di fíríìjì mọ́ ọn. Mo gbé idà náà lé ọwọ́ méjèèjì láì dì í léèkù padà, mo jáde, mo dọ̀bálẹ̀ lórí títì lójú gbogbo ará ilé.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ dárí jì mí. Mo ti rí i. Ọ̀dọ̀ mi ló wà, èmi ni mo gé e. Mo ti ka rìsíìtì. Ẹ wò ó, ẹ fọwọ́ kan àmì ibẹ̀.”

Ó wo idà náà, ó wò mí. Kò gbé ohùn sókè.

“Ẹ dìde, Bàbá Kúnlé,” ó ní. Kò pè mí ní àbúrò. “Ẹ gbé e padà wọlé. Tí ìka mi bá kàn án báyìí, tó bá di ọ̀la, ẹ máa ní mo tún ti pààrọ̀ ẹ̀.”

Ó gbé Fẹ́mi gun iwájú lọ́rì, òun náà gun un, wọ́n sì lọ. Mo dúró síbẹ̀ títí lọ́rì fi yà lápá ibi tí ẹ ń pè ní Apple Junction báyìí. Mi ò rí i mọ́ láyé mi.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó ń dùn mí jù, nítorí ẹ̀ ni mo fi ní kí ẹ pa fóònù. Ọkùnrin yẹn ò sún mọ́ idà náà rárá. Gbogbo wa la wà níbẹ̀, ojú mi ò kúrò lára ẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà, kí n tó wọlé, mo yí i padà, mo sì tún wo àmì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bóyá wọ́n ṣì wà níbẹ̀.